Màámi, ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá dá katapílà yẹn dúró

Ìyá Ìbejì, ìwọ ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí torí fóònù kékeré ọwọ́ Màámi yẹn ò lè gbé e. Jọ̀ọ́, nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti jẹun tán, jókòó tì wọ́n kó o kà á fún wọn, má sáré, bí wọ́n bá ní kó o padà sẹ́yìn, padà sẹ́yìn. Ohùn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé tí mo wà yìí, tí ohùn bá ti ju ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lọ á kàn máa yí ni, kò ní lọ, ọ̀rọ̀ tèmi sì gùn.

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le dáadáa, orúnkún tó ń dùn mí lọ́dún tó kọjá ti fi mí sílẹ̀. Òtútù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ àmọ́ súwẹ́tà wà, mo sì ń jẹun, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé àwọn ti bá oníkatapílà sọ̀rọ̀, pé tí Kérésì bá ti kọjá àwọn á wó ilé Bàbá àgbà, àwọn á fi búlọ́ọ̀kù gbé òmíràn síbẹ̀. Mo dákẹ́, gbogbo yín sì rò pé mo ti gbà nìyẹn. Mi ò gbà. Mi ò kàn fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn létí àwọn ọmọ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí fún yín, àti ohun tójú mi rí lára ilé kan, tí mo bá sọ ọ́ tán kí ẹ wá bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Paris ni mo wà. Mi ò sí ní Paris mọ́ o, ó ti lé lọ́dún kan. Ibi tí mo wà báyìí ni wọ́n ń pè ní Pays d'Auge, ní Normandy, lápá àríwá ilẹ̀ Faransé, kò jìnnà sí òkun. Tí èèyàn bá wọ tíréènì ní Paris, bíi wákàtí méjì ló máa fi dé ìlú kan tó ń jẹ́ Lisieux (mo ṣì ń padà bọ̀ sórí Lisieux yìí torí tiyín ni), ibẹ̀ ni mọ́tò ọ̀gá mi ti máa ń gbé wa wọnú abúlé. Oko ni gbogbo ẹ̀. Koríko tútù yọ̀yọ̀ torí òjò wọn kì í dá, màálù pọ̀, wàrà wọn ni wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì lóríṣiríṣi, igi ápù wà níbi gbogbo tójú lè dé, àsìkò tí mò ń kọ̀wé yìí gan-an ni wọ́n ń ṣa ápù jọ tí wọ́n á fún un ṣe ọtí tí wọ́n ń pè ní sídà. Abúlé kan wà nítòsí wa, Beuvron-en-Auge, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ò ju bíi 200 lọ, kò tó àdúgbò wa rárá, síbẹ̀ ẹ máa rí mọ́tò àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n tò ó bíi ti ọjọ́ ìnáwó olówó. Kí ni wọ́n wá wò? Ilé. Ilé tí wọ́n fi igi àti amọ̀ kọ́.

Màámi, amọ̀ ni mo wí o.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Wọ́n á fi igi ńláńlá gbé egungun ilé dìde ná, òpó tó nàró, igi tó dábùú, igi tó dagun kí ilé má bàa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àárín àwọn igi yẹn ni wọ́n á wá fi amọ̀ dí. Wọn kì í bo igi náà, ìta gbangba ló ń wà, igi dúdú, amọ̀ funfun, igi dúdú, amọ̀ funfun, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i aṣọ òfì ni mo rántí, irú èyí tí wọ́n hun ní ìlà tóóró-tóóró yẹn. Lápá ibí wọ́n a máa to òpó súnmọ́ra gan-an, wọ́n ní láyé àtijọ́ bí igi bá ṣe pọ̀ lára ògiri èèyàn tó ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe lówó tó. Òkúta tó dáa fún ilé kíkọ́ ò pọ̀ lágbègbè yìí, amọ̀ ló pọ̀, igbó sì wà, ohun tí Ọlọ́run gbé síwájú wọn ni wọ́n lò, bí Bàbá àgbà náà ṣe lo tiwa nìyẹn. Àwọn ilé kan ṣì ní òrùlé koríko, wọ́n á wá gbin òdòdó kan tó ń jẹ́ iris sí téńté òrùlé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀gá mi ní rárá, ó ní amọ̀ ni wọ́n fi dí òkè níbi tí koríko ọ̀tún àti tòsì ti pàdé, gbòǹgbò òdòdó yẹn ló di amọ̀ náà mú tí òjò ò fi lè wọ́ ọ lọ. Ẹni tó ronú kan èyí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ará oko lásán ni.

Ilé tí à ń tún ṣe látoṣù kẹta, ìyá arúgbó kan ló ni ín, ẹni ọdún 81. Inú ẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí. Ó ní ilé yẹn ti lé ní 300 ọdún. Yàrá méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, àti àjà tí wọ́n ń kó ápù sí. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, ó dáa lójú mi, ó funfun, ó tẹ́jú. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ wo òkè, ẹsẹ̀ ògiri ló lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi òòlù kan ojú ògiri kọ́-kọ́-kọ́, ó ní kí n gbọ́. Ó ń dún bíi igbá òfìfo. Ó mú ṣísẹ́ẹ̀lì, ó ṣí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ kúrò níwọ̀n àwo ìjẹun, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu igi jáde. Màámi, ó bù ú bí èèyàn ṣe ń bu gàrí. Igi óákù o, igi tó le débi pé ìṣó ń tẹ̀ lójú ẹ̀, igi tó ti wà níbẹ̀ láti 300 ọdún, ó ti di lẹ́búlẹ́bú.

Kí ló ṣe é? Ní nǹkan bí ọdún márùnlélógójì sẹ́yìn, ọkọ ìyá yìí ní kí ilé àwọn náà jọ ilé tuntun, ó pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ìta látòkè délẹ̀, wọ́n bo igi, wọ́n bo amọ̀. Gbogbo èèyàn kí i kú oríire. Ohun tí wọn ò rò ni pé ògiri amọ̀ máa ń gba omi díẹ̀díẹ̀ látinú ilẹ̀ àti lójú òjò, atẹ́gùn àti oòrùn á sì tún fà á jáde. Sìmẹ́ńtì ò ní jẹ́ kó jáde. Igi a máa wú nígbà òjò, a máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sìmẹ́ńtì ò mọ ìyẹn, ó kàn máa là ni, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá tibí yìí. Ó gba ojú ibi tó là wọlé, kò wá rọ́nà jáde mọ́, ó jókòó sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ó ń jẹ ilé yẹn lọ láìsí ẹni tó mọ̀, tó bá sì ti rọ igi tán, kòkòrò á tẹ̀ lé e. Ikán tiwa kọ́, kòkòrò kékeré kan tára ẹ̀ rí bíi àwọ̀ igi ni, ìdin ẹ̀ lè wà nínú igi lọ́pọ̀ ọdún kó tó jáde, tí wọ́n bá sì ń wá ara wọn, orí ni wọ́n máa ń gbá mọ́ igi, tó-tó-tó-tó, èèyàn á máa gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́ àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ló ń gbọ́ ọ jù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe kòkòrò yẹn ní aago ikú. Ìyá onílé sọ fún mi pé òun ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi èmi yìí, ó sì ní kí n má sọ fún ọ̀gá mi. (Ọ̀gá mi ti mọ̀, ó ti rí ihò wọn.)

Nígbà tá a ṣí gbogbo sìmẹ́ńtì yẹn kúrò tán, mo rí àwọn àmì kan lára igi. Ìlà kan, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta, agbélébùú kékeré. Káfíńtà tó kọ́ ilé ló fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń to ẹ̀gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀, wọ́n á fi àmì sí ibi tí igi yìí ti pàdé ìyẹn, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé e dìde. Mo fi ìka tọ ojú ìlà yẹn. Màámi, mo ṣe káfíńtà fún ọdún mẹ́wàá ní Ṣakí àti Ìbàdàn kí n tó dé ibí, mo sì mọ ohun tí bàbá yẹn ń sọ fún mi láti ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní igi yìí, ibí ló ń wọ̀, má gbé e síbòmíràn. Nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ yìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe é tú, ó ṣe é kó. Ní Alsace, lápá ibi tí Faransé ti pààlà pẹ̀lú Jámánì, wọ́n ti tú irú ẹ̀ tó ju 70 lọ ní àwọn abúlé tí wọ́n ti fẹ́ wó wọn dànù, wọ́n tún wọn tò sójú kan, àtọdún 1984 làwọn èèyàn ti ń lọ wò wọ́n níbẹ̀.

Kò sí ìṣó kan nínú egungun ilé yẹn. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí orí igi kan, wọ́n á gbẹ́ ihò sí ara èkejì, ahọ́n á wọ ihò, wọ́n á wá lu àwọn méjèèjì já, wọ́n á fi èèkàn óákù gbígbẹ kàn án pa. Èyí tó jẹ́ kí n ṣí fìlà fún wọn ni pé ihò tó wà lára ahọ́n yẹn, wọn kì í jẹ́ kó ṣe déédéé pẹ̀lú ti ara igi kejì, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó lè jẹ́ pé bí èèkàn ṣe ń wọlé ni á máa fa igi méjèèjì mọ́ra. Igi tútù ni wọ́n sì ń lò, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, torí tí óákù bá ti gbẹ tán iṣẹ́ ńlá ni fún ayùn ọwọ́, bó ṣe wá ń gbẹ lára ilé ló ń fún mọ́ra sí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn ì bá fẹ́ràn àtirí èyí.

Gbogbo igi ìsàlẹ̀ tí ilé jókòó lé, lápá ibi tí òjò ti máa ń fẹ́ wá, ló ti lọ. Kò kan ilẹ̀ o, òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ tò níwọ̀n orúnkún kí wọ́n tó gbé igi lé e, kí omi ilẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó wá di pé ká gbé ilé sókè ká lè yọ ìyẹn ká fi tuntun sí i. Gbé ilé sókè, Màámi, bí èèyàn ṣe ń gbé mọ́tò tí táyà ẹ̀ jò. Jáàkì mẹ́fà la tò sábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá mi á ka ení, a á yí i díẹ̀, a á dúró, a á gbọ́ ilé, ó ń ké bíi àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga, ọ̀gá á tún ka èjì. Bíi ìbú ìka méjì péré la gbé e. Ibi tá a ti dúró ń sinmi la ti gbọ́ tí nǹkan dún lókè, kọ̀. Ìyá onílé gun òke lọ wò ó. Ìlẹ̀kùn yàrá kan tí kì í padé dé ibi tó yẹ látìgbà tóun ti wà lọ́mọdébìnrin, ìlẹ̀kùn yẹn ti rọra yí, ó padé fúnra ẹ̀. Ó dúró síwájú ẹ̀ pẹ́, ó ń ṣí i, ó ń tì í.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti amọ̀. Àárín òpó sí òpó, pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ la há síbẹ̀ bíi àkàbà, kí amọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Amọ̀ yẹn, apá kan ẹ̀, ti ara ògiri àtijọ́ ni, a ò da ìkankan nù, a kó o jọ, a rẹ ẹ́ sómi, ìyókù la wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń da pòpórò àlìkámà gbígbẹ sí i kó má bàa sán. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ tó ń po ó, lọ́jọ́ yẹn ẹ̀rọ kọ̀, kò dáhùn, ó wà lórí fóònù tó ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Mo bọ́ bàtà. Mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo wọnú ẹ̀. Màámi, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n! Mi ò tẹ amọ̀ mọ́ látìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tí Bàbá àgbà ń tún ògiri ilé ewúrẹ́ mọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, pé gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, pé èèyàn á yí i kó tó fà á yọ, pé tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ tú mọ́, ó ti jinná nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kò tíì jinná, kó bu pòpórò sí i. Ó wò mí títí. Ló bá bọ́ bàtà tiẹ̀ náà.

Ìyá onílé gbé àga jáde, ó jókòó tì wá. Ó ní ìyá ìyá òun máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, aládùúgbò á wá tẹ amọ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé, onílé á fún wọn lóúnjẹ àti sídà, lọ́jọ́ mìíràn òun náà á lọ tẹ tiwọn. Mo ní àwa náà ń ṣe é, mo ní ọ̀wẹ̀ là ń pè é. Ó ní kí n tún un pè. Ó pè é, kò bọ́ sí i, ó tún un pè. Látìgbà yẹn tó bá ti rí wa tá a pọ̀ nídìí nǹkan kan, á na ìka sí wa, á ní ọ̀wẹ̀.

Tí amọ̀ bá ti gbẹ tán, kì í ṣe sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ o. Òkúta ẹfun ni, wọ́n á sun ún nínú iná gbígbóná gan-an, wọ́n á fi omi pa á, á dà bíi ẹ̀kọ, chaux ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni wọ́n á pò mọ́ yanrìn. Èyí kì í há omi mọ́lẹ̀, omi tó bá wọlé á rọ́nà jáde. Ìjọba ibí pàápàá kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, òfin wọn lórí ẹ̀ ti wà látọdún 1913. Tí ilé èèyàn bá wà láàárín 500 mítà sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé tí ìjọba ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé pé kò gbọ́dọ̀ parun, kò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó pààrọ̀ wíńdò tàbí kó kun ọ̀dà tó wù ú, á kọ́kọ́ gba àṣẹ. Àwọn kan máa ń kùn sí i. Èmi ò bá wọn kùn.

Lisieux ló kù. Màámi, Tèrésà Mímọ́ ti Ọmọ Jésù, tí fọ́tò ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín látìgbà tí mo ti gbọ́njú, Lisieux yìí ló gbé! Ẹni ọdún 15 ni nígbà tó wọ ilé àwọn sísítà tí wọ́n ń pè ní Kámẹ́lì níbẹ̀ lọ́dún 1888, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún 1897, ẹni ọdún 24. Àjọ̀dún ẹ̀ tó kọjá yìí, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, mo gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo lọ, mo tan àbẹ́là méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún Bàbá. Bàsílíkà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi sọrí ẹ̀, ga débi pé láti inú oko lèèyàn ti ń rí i. Mo ya fọ́tò, Ìyá Ìbejì, mo ti fi ránṣẹ́, fi hàn wọ́n kó o tó máa kà lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde tí mo ń rìn nínú ìlú, ó ká mi lára. Ìlú ilé onígi ni Lisieux tẹ́lẹ̀, àdúgbò lódidi. Oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kánádà gúnlẹ̀ sétí òkun Normandy láti wá lé ọmọ ogun Jámánì, bọ́ǹbù já lu ìlú yẹn, iná sọ, èèyàn kú lọ bẹẹrẹ, ilé tó ti wà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún jóná di eérú. Bàsílíkà ò wó. Títì wà níbẹ̀ báyìí tí ẹ máa rìn látòkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ilé ẹ̀ ló jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun. Ogun ló wó tiwọn, Màámi. Àwa ò jagun.

Ẹ rántí owó àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ nígbà tí mo dé Paris? Mo ní kí ẹ fi ra sìmẹ́ńtì, kí wọ́n fi rẹ́ ilé Bàbá àgbà níta, kó má bàa máa dá yàtọ̀ láàárín ilé àwọn aládùúgbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ tán ẹ pè mí, ẹ gbàdúrà fún mi títí owó fóònù fi tán, ẹ ní mo ti da aṣọ bo ilé bàbá mi. Ọdún kejì lẹ sọ fún mi pé yàrá Bàbá ń rùn bíi ibi tí omi dúró sí. Lọ́dún tó kọjá ẹsẹ̀ ògiri ọ̀dọ̀ kànga bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ṣebí ilé amọ̀ ni, ó ti gbó. Kò gbó, Màámi. Wọ́n mọ ilé yẹn kí wọ́n tó bí Bàbá, gbogbo òjò tó rọ̀ sí Ṣakí látìgbà yẹn ló rọ̀ lé e lórí kò ṣe é ní nǹkan kan, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn sìmẹ́ńtì tèmi ló ń wó. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi ti ọwọ́ bọ ẹsẹ̀ ògiri ìyá yẹn tó bu lẹ́búlẹ́bú jáde, ẹsẹ̀ ògiri wa ni mo rí. Mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ti fẹ́ sọ fún yín látìgbà náà, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dárí jì mí.

Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí sétí yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò ó pé àbúrò yín jókòó sí Yúróòpù ó ń pàṣẹ. Ẹ̀yin lẹ wà nílé, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé omi gbóná fún Màámi lọ sí balùwẹ̀ ìta lásìkò ọyẹ́, mo mọ̀ pé torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ kọ́ tuntun, ẹ ò sì jẹ̀bi. Owó búlọ́ọ̀kù tí mo ṣèlérí ṣì wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ àti kíṣìnì sẹ́yìn, lápá ibi igi máńgòrò, kí omi ẹ̀rọ wọ inú ẹ̀, kí Màámi máa gbé ibẹ̀ bó bá wù wọ́n. Kí ilé Bàbá àgbà dúró síbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá ti san nǹkan fún oníkatapílà, ẹ sọ iye ẹ̀ fún mi, màá dá a padà fún yín, kó máa mú un lọ.

Ọyẹ́ ń bọ̀, àsìkò tó dáa jù nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi òòlù kékeré rọra ṣí sìmẹ́ńtì kúrò láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìbàdí yí ilé ká, kí wọ́n má fi agbára gbá a, kí ọyẹ́ fẹ́ sí i kó gbẹ dénú. Ẹ bá mi gbé dúrọ́ọ̀mù omi yẹn kúrò lára ògiri. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó tì í nígbà tí wọ́n gbẹ́ ṣalángá, ẹ kó o kúrò, ibi tí omi páànù ń kán sí, ẹ la gọ́tà kékeré síbẹ̀ kó máa gbé omi lọ sí ìta. Amọ̀ tó bá ya lulẹ̀, ẹ má dà á nù o, ẹ kó o jọ sábẹ́ páànù kan dè mí, òun náà la tún máa rẹ tá a máa tẹ̀. Tí bàbá tó mọ ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bá ṣì lókun, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní mò ń bọ̀ wá jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, oṣù kejì ni mò ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún mi.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ààfin, ẹ kí Bàbá Ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ra súwẹ́tà fún àwọn ìbejì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, kí wọ́n má bàa jà.

Ìyá Ìbejì, tílẹ̀ bá mọ́, kó o tó lọ sọ́jà, bá mi ya fọ́tò ẹsẹ̀ ògiri ọ̀dọ̀ kànga yẹn, òòró ẹ̀ àti ìbú ẹ̀, fi ọwọ́ rẹ lé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jẹ wọlé kí n lè mọ bó ṣe jìn tó, tó bá sì ní igi kankan tó hàn nínú ẹ̀, ya ìyẹn lọ́tọ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé, ọ̀gá mi ní òun fẹ́ bá mi wò ó.

Àjàní yín